Òkúta, Èédú, Ata, Àgbàdo, Àkísà: Bí A Ṣe Ń Tú Àrokò

Àwọn baba wa a máa wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bí ohun kan bá wà nínú ìṣe Yorùbá tí òwe yìí bá mu régí, àrokò ni. Ẹni tí ó pa àrokò sọ ààbọ̀; ẹni tí a pa á ránṣẹ́ sí ni yóò sọ ọ́ di odindi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti to àrokò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí ó jẹ mí lógún yàtọ̀ díẹ̀: báwo ni ẹni tí àrokò tẹ̀ lọ́wọ́ ṣe ń dé ìdí rẹ̀? Kí ni ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun tú u, òun kò kàn méfò?

Ẹ jẹ́ kí a wo àrokò kan tí ìtàn rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, Gezo, ọba Dahomey, kó ogun wá bá Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá lé ogun náà padà, ṣùgbọ́n àwọn ará Dahomey mú àwọn kan lẹ́rú lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni John Baptist Dasalu, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ di onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbèkùn ni ọkùnrin yìí ti fi àrokò ránṣẹ́ sí Martha, ìyàwó rẹ̀. Ohun márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà.

Charles Andrew Gollmer ni ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ará Jámánì ni, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1885 ni ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìṣẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ́nù tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí àrokò jáde. Ní ṣókí, ìtumọ̀ tí ó fún un ni pé ara ọkùnrin náà ṣì le, ọ̀nà iwájú rẹ̀ ṣókùnkùn, ọkàn rẹ̀ ń gbóná, ìpọ́njú ti mú kí ara rẹ̀ rù, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì ti di àkísà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Gollmer fi kọ ọ́. Nítorí náà, ní orí ohun kọ̀ọ̀kan, ó ní láti ṣe àfiwé gígùn: bí nǹkan yìí ti rí báyìí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rí. Ṣùgbọ́n ẹ dá a padà sí Yorùbá, kí ẹ sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Òkúta le, ara mi le. Kò sí àfiwé tí a ń wá kiri mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ni, òkúta àti ara ni wọ́n jọ ni ín. Nígbà tí a bá béèrè àlàáfíà ara wa, ṣebí “Ara le?” ni à ń wí? Àgbàdo yíyan gbẹ; ẹni tí ìyà jẹ gbẹ. Àkísà gbó, aṣọ mi gbó. Èédú dúdú, ohun tí mo ń wò níwájú dúdú. Ní ti ata, Gẹ̀ẹ́sì ní ó gbóná, ṣùgbọ́n àwa ní ata ń ta, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì dunni, a ní ó ta wá lára.

Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tí ó ń tú àrokò kì í béèrè pé, “Kí ni òkúta ń ṣe ní ayé?” Ohun tí ó ń béèrè ni pé, “Kí ni à ń sọ nípa òkúta, tí à ń sọ nípa ènìyàn pẹ̀lú?” Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó bá méjèèjì mu, ó ti rí ìtumọ̀.

Ètò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èédú nìkan lè dá ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Ẹnìkan lè rò pé iná ni ó ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ata, àgbàdo gbígbẹ àti àkísà rìn, ọ̀nà ìtumọ̀ rẹ̀ há. Ohun kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí èkejì rẹ̀. Ẹ sì tún kíyè sí i pé òkúta ni Gollmer kọ́kọ́ kà. Kí ìyàwó tó gbọ́ nípa ebi àti aṣọ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ òun wà láàyè.

Oríṣi kejì ni àrokò owó ẹyọ, èyí tí ó dá lórí iye àti ìró. Ní ọdún 1887, G. W. Bloxam fi àwọn àrokò kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú han ẹgbẹ́ kan náà ní Lọ́ńdọ́nù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹyọ owó mẹ́fà pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ̀fà ni mẹ́fà, fà sì wà nínú ẹ̀fà: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ni à ń fi í ro etí. Nítorí náà, ó ń sọ pé etí rẹ nìkan ni ọwọ́ mi tó, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Bákan náà ni ẹ̀jọ, tí í ṣe mẹ́jọ, gbé jọ sínú: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ wo ohùn wọn dáadáa. Fà inú ẹ̀fà wá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fà tí a fi ń fa nǹkan. Jọ inú ẹ̀jọ wà láàárín gẹ́gẹ́ bí jọ ti ìjọra. Bí ohùn kò bá dọ́gba, ìtumọ̀ kò dúró.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú àdììtú yìí nínú ìwé ìròyìn wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kún àwọn àpótí kéékèèké. Láti ọdún 1926 ni Edward Powys Mathers, tí ó ń fi Torquemada pe ara rẹ̀, ti ń gbé èyí tí ó le jù sínú The Observer. Derrick Somerset Macnutt, tí ó ń jẹ́ Ximenes, rọ́pò rẹ̀ ní 1939, ó sì tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde ní 1966. Kókó òfin náà ni pé apá kan àdììtú gbọ́dọ̀ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, apá kejì gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n ọ̀rọ̀ tọ́ka sí i, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé gbogbo apá rẹ̀ kò tíì tú u, bí ìdáhùn rẹ̀ tilẹ̀ tọ̀nà. Àwọn tí ń pa àrokò mọ èyí ṣáájú kí ìwé ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọgbọ́n yìí kò tíì kú. Níbi ìsọmọlórúkọ, a ń fún ọmọ ní orógbó kí ó lè gbó. A ń mú obì wá kí ó lè bi ikú sẹ́yìn. Gbó ti àkísà Dasalu ni gbó inú orógbó náà. Ní ọrùn ẹrú, ó jẹ́ ìyà. Ní ẹnu ọmọ tuntun, ó di ìre. Ẹni tí ó pa á àti ìdí tí ó fi pa á ni ó ń yí i padà.

Ní ti Dasalu, wọ́n tà á ré kọjá òkun sí Kúbà. Àwọn onígbàgbọ́ àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá a títí wọ́n fi rí i. Ní ọdún 1856 ó ti gba òmìnira, ó sì padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Òkúta rẹ̀ kò purọ́.

Lẹ́tà ti rọ́pò àrokò, tẹlifóònù sì ti rọ́pò lẹ́tà. N kò ní kí a padà máa so ẹyọ owó mọ́ okùn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí a bá gbé àrokò Ìjẹ̀bú yẹn síwájú ọmọ wa lónìí, tí ó sì kà á ní “wáànù” títí dé “síìsì”, iye rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti dákẹ́. Kò sí fà nínú síìsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ení, èjì, ẹ̀ta. Inú oókà ni àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí.