Pápá Hirono: Ọgbọ́n Ju Agbára Lọ

Àwọn àgbà a máa wí pé ọgbọ́n ju agbára. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ó gbọ́ ìtàn Hirono, pápá gọ́ọ̀fù tí ó wà láàrin igbó igi páínì àti àwọn òkè kéékèèké nítòsí ìlú Kobe, ní ilẹ̀ Jàpáànì.

Nínú eré gọ́ọ̀fù, a máa ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jùlọ ni ó borí. Arthur Groom, oníṣòwò tíì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ la pápá irú rẹ̀ ní Jàpáànì, ní orí òkè Rokko, ní 1901. Ihò mẹ́rin péré ni ó ní nígbà náà.

Ní òpin 1930 ni Charles Hugh Alison, Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títò pápá gọ́ọ̀fù, dé. Oṣù díẹ̀ ni ó lò. Ilẹ̀ Hirono, tí ó ti jẹ́ ti ìdílé Kuki, àwọn ìjòyè Sanda, kún fún adágún àti àfonífojì. Alison kò ka ìwọ̀nyí sí ìdènà. Ó sọ wọ́n di ìbéèrè fún eléré. Ẹni tí ó bá láyà lè gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá àfonífojì, kí ọ̀nà rẹ̀ lè kúrú. Bí ó bá sì tàsé, kòtò iyanrìn jíjìn ń dúró dè é. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ a yí gba ọ̀nà gígùn, a sì dé láìséwu. A ṣí pápá náà ní 1932.

Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kejì dé. Àwọn ọmọ ogun gba pápá Asaka, iṣẹ́ Alison nítòsí Tokyo, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n sọ Hirono pẹ̀lú di ibùdó ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ogun, Osamu Ueda tún un ṣe; ní 2019, Martin Ebert fi àwòrán àtijọ́ ṣe amọ̀nà láti dá àwọn kòtò náà padà sí ìrísí wọn àkọ́kọ́.

Títí di òní, «Arison» ni àwọn ará Jàpáànì ń pe kòtò iyanrìn jíjìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyèsí i: àlejò olóṣù díẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ nínú èdè onílé, nítorí pé ó wo ilẹ̀ dáadáa kí ó tó fọwọ́ kàn án.