Orí ojú-ìwé: ìtàn kúkúrú nípa àlàyé ìlà méjì àti èdè Ifẹ̀ ti Atakpamé

Ẹni tó bá tẹ lẹ́tà mẹ́ta yìí, i-f-e, sínú Google láìfi àmì kankan sí i, ọ̀rọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ ló pè. Ife tí a fi ń mu omi wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, èdè Ifẹ̀ tí a ń sọ ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ títí wọ ilẹ̀ Benin náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣàwárí yóò to ohun tó bá rí sílẹ̀. Lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, yóò fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta hàn. Ìlà wọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kà kó tó pinnu èyí tí yóò ṣí.

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn ìlà náà, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní meta description. Èmi yóò máa pè é ní àlàyé orí, nítorí pé apá ojú-ìwé tó ń jẹ́ head ni a ń kọ ọ́ sí, níbi tí òǹkàwé kì í wò. Èrò mi ni pé àlàyé orí kì í mú kí a rí ojú-ìwé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí a yàn án láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún èdè tí ojú-ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

1. Ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú iṣẹ́ tí a rán

Ní agbègbè wa, kì í ṣe òní ni a ti ń ya ọ̀rọ̀ ìṣáájú sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí a rán. Ní Kamina, tí kò jìnnà sí Atakpamé, ilé-iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ibùdó tẹlígíráàmù aláìlókùn ní 1911. Nígbà tó fi di 1914, ibùdó náà ti ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀. Ọjọ́ rẹ̀ kò gùn. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fúnra wọn bà á jẹ́ kó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá.

Tẹlígíráàmù máa ń ní ìṣáájú tirẹ̀: ọ́fíìsì tó ti wá, iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ìṣáájú yìí wà fún, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú iṣẹ́ náà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tí a dá àlàyé orí sílẹ̀, irú iṣẹ́ báyìí ni a rò pé yóò máa ṣe fún ẹ̀rọ. Ìtàn fi hàn pé iṣẹ́ mìíràn ló bá a mu.

2. Láti 1995 sí 2009

Ìlànà HTML 2.0, tó jáde ní oṣù kọkànlá 1995, ti ní àmì META nínú. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, AltaVista bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láìpẹ́, àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi AltaVista àti Infoseek ń ka oríṣi méjì lára ohun tí a kọ sínú META: ọ̀rọ̀ atọ́ka àti àlàyé. Ìlànà HTML 4.0, tí W3C fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 1997, tilẹ̀ fi àpẹẹrẹ hàn bí a ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ atọ́ka kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé, kí a sì fi àmì èdè sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ èdè tó bá ka àpẹẹrẹ náà lónìí yóò rí i pé ìrètí pọ̀ nínú rẹ̀: kí olúkúlùkù fi èdè tirẹ̀ wá nǹkan, kó sì rí i.

Ìrètí náà kò pẹ́ tó fi bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kà tí òǹkàwé kò rí, ẹnikẹ́ni lè purọ́ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń to ọ̀rọ̀ tí kò kan ojà wọn sínú ọ̀rọ̀ atọ́ka, wọ́n ń tún un kọ léraléra. Nígbà tí Google dé ní 1998, líǹkì tí àwọn ẹlòmíràn fi tọ́ka sí ojú-ìwé àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ló gbára lé jù. Ní oṣù kẹsàn-án 2009, Google sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì í lo ọ̀rọ̀ atọ́ka láti to èsì. Ó ní àlàyé orí náà kì í gbé ojú-ìwé sókè, ṣùgbọ́n òun lè fi í hàn lábẹ́ àkọlé. Bí ọ̀rọ̀ atọ́ka ṣe kú nìyẹn. Àlàyé yè, nítorí pé ènìyàn ń kà á.

3. Ta ló ń sọ ẹni tí a jẹ́?

Ojú-ìwé tí kò ní àlàyé orí kò ní wà láìní àlàyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Google máa ń yá ọ̀rọ̀ láti inú Open Directory Project, àkójọ tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Àwọn onílé kan rí i pé àlàyé tí àlejò kọ nípa ilé wọn ni ayé ń kà. Ní 2006, a fún wọn ní àmì kan, NOODP, tí wọ́n lè fi kọ̀ ọ́. Àkójọ náà fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹta 2017. Lónìí, bí kò bá sí àlàyé, tàbí bí èyí tó wà kò bá bá ìbéèrè mu, ẹ̀rọ yóò ṣẹ́ gbólóhùn láti inú ojú-ìwé fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Atakpamé. Ifẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n Ana ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè wọ́n. Orúkọ tí àlejò kọ ló wà nínú káàdì ilé-ìkàwé, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá ìwé. Nínú ISO 639-3, tó jáde ní 2007, àmì èdè náà ni ife. Orúkọ ilé wọ inú àmì náà, ṣùgbọ́n láìsí àmì ohùn, kò yàtọ̀ sí orúkọ Ilé-Ifẹ̀.

4. Lẹ́tà méjì, ìwé méjì

Ìṣòro kejì wà nínú àkọtọ́. Ní Nàìjíríà, a ń kọ ẹ. Ní Tógò àti Benin, ɛ ni a ń kọ. Lójú olùkà, ohùn kan náà ni. Nínú Unicode, U+1EB9 ni ti àkọ́kọ́, U+025B ni ti èkejì, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ wọ́n sí ìbátan àyàfi bí a bá kọ́ ọ. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ Tógò ní 1975 yan Ewe àti Kabiyè gẹ́gẹ́ bí èdè ilé-ẹ̀kọ́. Faransé ni àwa tí a kàwé níbẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ láti kọ, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè. Nítorí náà, ìwé kan lórí ohùn nínú èdè yìí lè jẹ́ Ifẹ̀ lójú ẹni tó wà ní Ìbàdàn, Ifɛ̀ lójú ẹni tó kọ́ àkọtọ́ Tógò, kó sì jẹ́ ana lójú ẹni tó ka ìwé Faransé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa wá ìwé kan náà láìpàdé.

5. Ohun tó kàn wá

Kí ni a wá lè ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àkọlé àti nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìwé, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń rí wa. Lẹ́yìn náà, kí a kọ àlàyé orí fún ojú-ìwé tó gbé ìwé PDF kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń yàn wá. Google kò fi òté lé gígùn rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2017, ó fi àyè kún ìlà tó ń fi hàn, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2018, ó tún gé e kúrú padà sí bíi lẹ́tà 160. Ohun tó ṣe kókó gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Àpẹẹrẹ kan nìyí: «Ohùn orúkọ nínú èdè Ifẹ̀ (ifè, ana) ti Atakpamé, Tógò: ìfiwéra pẹ̀lú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ní Yorùbá àti Faransé.» Ẹni tó ń wá Ilé-Ifẹ̀ yóò mọ̀ pé ibí kọ́, ẹni tó ń wá Atakpamé yóò mọ̀ pé òun ti dé. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun kò gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé Faransé wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ lè pa àlàyé wa tì, kó fi gbólóhùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kò sọ iṣẹ́ náà di asán. Àwa onímọ̀ èdè ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti jiyàn lórí orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fún èdè wa. Níbi tí a ti fún wa ní ìlà méjì láti fi sọ orúkọ ara wa, kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ lófìfo.