Alaalẹ́ àti Òròòru

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo ti rò pé mo mọ̀ dáadáa, àfi ìgbà tí ọdún 2020 dé tí mo rí i pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ni nightly.

Bí Òyìnbó bá lo ọ̀rọ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé alẹ́ ni nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí alẹ́ kan tí kì í ṣẹlẹ̀. Àwa kò pa méjèèjì pọ̀. A ní lálẹ́, a sì ní lálaalẹ́. A ní lóru, a sì ní lóròòru. Bẹ́ẹ̀ ni alẹ́ kì í ṣe òru. Alẹ́ ni a ń jẹun, tí a ń pàlọ́, tí a ń tajà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dá ni òru tó dé.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé láti ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, a ó máa dẹ ìsémọ́lé àrùn kòrónà díẹ̀díẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n kónílé-ó-gbélé yóò wà láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́kọ́ rí pè é ní nightly. Ìyá alákàrà kan ní àdúgbò wa ní Ìkòtún bi mí pé kí ni wọ́n wí. N kò ka ìròyìn náà dópin, mo ní, “Ìyá, lóròòru ni.”

Wọ́n gbà mí gbọ́. Aago mẹ́jọ kọjá, epo ṣì ń hó lórí iná, ni àwọn agbófinró dé. Ìyá sá wọlé, wọ́n fi agbada àti odidi bàsíà ẹ̀wà lílọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Tíṣà, ṣé òru ni aago mẹ́jọ ní ilé ìwé tiyín?”

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ìjọba sún òfin náà sí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́rin ìdájí. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, nightly ni ó ṣì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tí ń tajà ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, òfin ti ń kúrò nínú alẹ́, ó ń wọ inú òru lọ. Wákàtí méjì tí èrò fi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí wọ́n ń ra ohun jíjẹ, ti padà sọ́wọ́ wọn.

Mo san owó ẹ̀wà Ìyá. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n túmọ̀ nightly fún òun, aago ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.