Ta ló ń dá iye lé ìṣúra inú eré?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń fi dáìsì olójú ogún ṣe nínú fídíò mi, ọ̀rọ̀ tòní, tiyín ni. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ó gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Lọ́dún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin wà nílé fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kì í jáde nínú yàrá mọ́ àfi tóúnjẹ bá ti délẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í darí Dungeons & Dragons fún òun àtàwọn ọ̀rẹ́ wa mẹ́ta ní alẹ́ Sátidé. Ẹni tí ò bá mọ eré náà: olùdarí á sọ ohun tó wà níwájú yín, ẹ̀yin á sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, dáìsì á sọ bó ṣe máa yọrí. Ẹnu la fi ń ṣe é, bí àlọ́ tí gbogbo ilé jọ ń pa.

Ọwọ́ mi là jù. Ní Sátidé kejì, mo kó 50,000 kọ́ìnì wúrà sábẹ́ ikùn dírágónì kan. Wọ́n pa dírágónì, wọ́n pariwo débi pé màmá wa yọjú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ra gbogbo ohun tó wà nínú ìwé òfin. Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Àǹtí mi, kí la tún ń wá nínú ihò yìí?" Nígbà tí Sátidé tún pé, kò jáde.

Ìyẹn ló sọ mí di òpìtàn. Mo fẹ́ mọ báwọn tó dá eré yìí sílẹ̀ ṣe ń pinnu iye tí ìṣúra jẹ́.

Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é. Ó jáde ní 1974 láti Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní Wisconsin, Amẹ́ríkà: ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan, dọ́là mẹ́wàá, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tó rí bí àwàdà. Kọ́ìnì wúrà kan dọ́gba pẹ̀lú pọ́ìntì ìrírí kan. Wúrà tó o bá rí gbà nínú ihò ló ń sọ ẹ́ di alágbára, kì í kàn ṣe owó tí wàá ná lọ́jà.

Ó kọ́kọ́ jọ mí lójú bí ìwà wọ̀bìà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nínú ẹ̀dà tí Tom Moldvay tún kọ ní 1981, jagunjagun nílò 2,000 pọ́ìntì kó tó gun ìpele kejì. Tó bá pa orc kan, ìyẹn ẹ̀dá burúkú tó máa ń gbé nínú ihò, pọ́ìntì mẹ́wàá péré ni. Ṣé kó wá lọ pa igba orc ni? Ó máa kú. Ọlọ́gbọ́n á yọ́ wọlé, á tan àwọn ẹ̀ṣọ́, á kó wúrà, á sá. Òfin owó yẹn ló kọ́ àwọn eléré pé ìjà kọ́ niṣẹ́.

Wúrà ọ̀hún sì wúwo! Kọ́ìnì mẹ́wàá ni pọ́n-ùn kan. 2,000 kọ́ìnì yóò jẹ́ 200 pọ́n-ùn, ó ku díẹ̀ kó tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Èyí tí èèyàn kan lè gbé tó pọ̀ jù ni 1,600, ńṣe lá sì máa wọ́ lọ bí ìgbín. Fílórínì wúrà tí wọ́n ń ná ní Florence láyé àtijọ́ ò ju gíráàmù mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Kọ́ìnì inú eré yìí tó ìlọ́po mẹ́tàlá ẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn owó á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn gan-an ló ń dá ìbéèrè sílẹ̀: kí la máa fi sílẹ̀? Ta ló máa rù ú? Tí nǹkan bá ń lé wa bọ̀ ńkọ́? Èmi ò bi wọ́n ní ìkankan nínú ẹ̀. Mo kàn kọ 50,000 sínú ìwé wọn ni.

Arneson tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, tiẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù. Nínú Blackmoor, ayé tí òun fúnra ẹ̀ ń darí ní Minnesota, tó tẹ̀ jáde ní 1977, wúrà tó o kó délé ò tíì jẹ́ nǹkan kan. Àfi tó o bá ná an sórí ohun tí ọkàn ẹ fẹ́: ọtí, fàájì, ẹ̀sìn, iṣẹ́ ọwọ́ tó o yàn láàyò. Ìgbà yẹn ni ìrírí tó wọlé. Ọkùnrin Minnesota yìí ti mọ ìdí òwàḿbẹ̀ láì dé Ìbàdàn rí!

Àmọ́ tí wúrà bá ń ya wọ̀lú lójoojúmọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà? Gygax rí ìyẹn. Nínú ìwé àwọn eléré tó kọ ní 1978, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n fojú wo àwọn ìlú Alaska nígbà tí wọ́n ń sáré wá góòlù, níbi tí ẹyin kan ṣoṣo ti di dọ́là kan. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi wọ́n nínú ìwé ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún fi òfin mìíràn gba owó lọ́wọ́ wọn: kó o tó gun ìpele tuntun, wàá sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 1,500 wúrà lọ́sẹ̀ kan, ní ìlọ́po ìpele tó o wà.

Kò pọn dandan kí àwa dé Alaska ká tó mọ èyí. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, láti Maldives ló ti kọ́kọ́ ń wá. Láti àárín àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi mìíràn wá láti Zanzibar, ó tóbi jù, ó wúwo jù, ó sì pọ̀ bí iyanrìn. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni iye ẹ̀ ń já wálẹ̀. Dírágónì tèmi náà nìyẹn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ idà. Nínú ìwé olùdarí ti 1979, idà onídán tó kéré jù, tó ní +1 lára, ní iye méjì. Tó o bá mú un lò, 400 pọ́ìntì ìrírí. Tó o bá tà á, 2,000 wúrà, wúrà náà á sì di ìrírí. Ẹ wò ó: idà tó máa gba ẹ̀mí ẹ là lọ́la, tàbí ìpele tuntun lónìí? Ìwé ò dáhùn. Ìwọ lo máa sọ iye tó jẹ́.

Nígbà tó di 1989, wọ́n sọ ìrírí orí wúrà di ohun tó wu olùdarí. Ní 2000, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n wá ṣe tábìlì iye owó tó yẹ kí èèyàn ní ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bí owó oṣù ìjọba. Idà +1 ṣì wà ní nǹkan bíi 2,000, ẹni bá fẹ́ tà á gba ìdajì. Ní 2014, iye gidi ti pòórá, ó ku bí nǹkan ṣe ṣọ̀wọ́n sí. Èmi ò fẹ́ràn tábìlì owó oṣù yẹn rárá. Ta ló ń bẹ̀rù ihò fún owó oṣù?

Mo padà sí ilẹ̀kùn àbúrò mi. Mo ní kó fún mi ní alẹ́ kan péré, eré tuntun, ẹni tuntun, láìsí wúrà kankan.

Ẹ rántí 2,000 tí jagunjagun nílò? Ẹgbàá ni. Ẹyọ ogójì lórí okùn kan, okùn àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù odindi èèyàn. Mo fi ọ̀kẹ́ mẹ́fà sínú ihò fún eléré mẹ́rin. Mo ní ọ̀kẹ́ tó bá délé nìkan ló ní iye, ẹni tó rù ú ò sì lè jà. Lẹ́yìn náà, bíi ti Arneson, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa ná an sí kí n tó fún wọn ní ìpele.

Wọ́n jiyàn fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ẹni tó máa rù àti ẹni tó máa mú idà. Wọ́n fi méjì sílẹ̀. Ọ̀kan já lẹ́bàá odò, gbogbo ẹyọ dànù. Mẹ́ta délé, àbúrò mi ló ru ọ̀kan nínú ẹ̀, wọ́n sì fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Mo bi í pé kí ló máa fi ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun máa kọ́ ilé-ìwé sí abúlé tí ihò náà wà, èyí tẹ́nikẹ́ni ò ní lè tì pa.

"Yàrá mélòó?" ni mo bi í. Ó fa ìwé mi sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán ẹ̀.