Obìnrin, Amọ̀ àti Idẹ ní Ilé-Ifẹ̀

Bí a bá dárúkọ ère Ifẹ̀ láàrin àwa tí a ń gbé ẹ̀yìn odi, orí ọba ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: ojú tí ó tutù, ilà wẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, adé lórí. Orí idẹ ni, ti ọkùnrin sì ni. Kò burú, nítorí àwọn orí wọ̀nyí ni ó gbé orúkọ Ifẹ̀ dé etí aráyé. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni. Ìdajì kejì wà nínú amọ̀, obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa lọ.

Ní 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní ti Olókun, ó sì rí ọ̀pọ̀ ère amọ̀ pẹ̀lú. Ẹnu yà á débi pé ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni yóò ti tẹ̀dó síbẹ̀ rí, kí ó má bàa gbà pé àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe é! Ní 1938, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin, ni wọ́n ti kan àwọn orí idẹ tí ó lókìkí jù. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939. Méjì bá William Bascom dé Amẹ́ríkà, ó sì dá wọn padà ní 1950.

Ìta Yemòó ni ó kàn, ní 1957. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ ibẹ̀: Yemòó ni aya Ọbàtálá, ẹni tí àwọn àgbà ní ó fi amọ̀ mọ ara ènìyàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ère idẹ ọkùnrin àti obìnrin, tí àwọn onímọ̀ kà sí ọba àti ayaba. Wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ara wọn, ẹsẹ̀ wọn sì lọ́ mọ́ra. Obìnrin náà kò kúnlẹ̀, kò sì dúró sẹ́yìn ọkọ. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ohun kékeré kan tí kò ga ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjìlá lọ, èyí tí àwa fẹ́ràn jù nínú gbogbo idẹ Ifẹ̀. Ìkòkò ni, lórí àpótí ìjókòó. Obìnrin aládé kan sì ká ara rẹ̀ mọ́ ìkòkò náà yípo, ó mú ọ̀pá oyè lọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ kan fi idẹ ṣe ìkòkò, ó sì fi obìnrin dì í mú. Kí ni ó rí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo bí wọ́n ti ń da idẹ. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ inú ère. Wọ́n á fi ìda bo amọ̀ náà, wọ́n á sì fín imú, etí àti ilà sára ìda. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì yan án níná. Ìda á yọ́ jáde, idẹ gbígbóná á sì gba ipò rẹ̀. Bí ó bá tutù tán, wọ́n á fọ́ amọ̀ òde. Kò sí orí idẹ kan ní Ifẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba inú amọ̀ kọjá. (Àwọn Òyìnbó a máa pe gbogbo rẹ̀ ní bronze, ṣùgbọ́n idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, irú bí ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n. Bàbà sì le dà ju idẹ lọ.)

Nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ni ó ń ṣe iṣẹ́ idẹ. Ìkòkò mímọ, iṣẹ́ obìnrin ni. Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ sára ère amọ̀ Ifẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ti wà láti nǹkan bí 1100 sí 1500. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, àwa náà sì gbè é lẹ́yìn. Ta ni ó mọ amọ̀ tí kì í sán nínú iná, bí kì í bá ṣe amọ̀kòkò? Ìtàn Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ so ọba obìnrin mọ́ amọ̀: Ọọ̀ni Lúwoo ni wọ́n ní ó pàṣẹ kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú, kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí i láṣọ. Ilẹ̀ alápáàdì náà ṣì ń jáde títí di òní níbi tí wọ́n bá ti walẹ̀.

Ẹranko kò gbẹ́yìn. Ní 1969, Ekpo Eyo walẹ̀ ní Láfogído, ó sì rí orí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Erin wà níbẹ̀, erinmi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ oyè lórí wọn bí ìjòyè tí ó ń lọ sí ààfin. Orí amọ̀ ayaba kan sì ti jáde ní Ìta Yemòó, adé onílẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, kò ní ilà kankan.

Amọ̀ yìí gan-an ni olè ń dọdẹ. Láàrin 1993 àti 1994, wọ́n fọ́ mùsíọ́mù Ifẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ère lọ. Nígbà tí ó di 2000, ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé, fi ère amọ̀ àti idẹ Ifẹ̀ sínú ìwé tí ó fi kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò pé ewu wà lórí wọn. Òfin Nàìjíríà ti 1979 sì ti là á sílẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́ ní gbangba, bí wọ́n bá fi orí amọ̀ kékeré kan hàn yín tí wọ́n ní Ifẹ̀ ni ó ti wá, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.