Ọwọ́ tó wà ní èjìká bàbá mi

Fọ́tò kan wà nínú pọ́ọ̀sì bàbá mi nígbà tó kú ní ọdún 1991. Kò tóbi ju káàdì ìdánimọ̀ lọ. Bàbá mi na apá méjèèjì sókè, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ojú rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ onífọ́tò rárá. Ó dájú pé kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Láti etí fọ́tò náà ni ọwọ́ kan ti jáde, ó di èjìká rẹ̀ mú. Aṣọ kakí ló wà lápá ọ̀hún. A kò rí ẹni tó ni ín.

Nílé wa ní Pọ́bẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè àlàyé. Gbogbo wa la mọ̀ pé Sotega, ní Libreville, ni bàbá mi ti ń ránṣọ, àti pé oṣù Júláì 1978 ni wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ṣọ́jà nìyẹn, kí ló tún kù?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Jánúárì 1977, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi owó háyà, tí Bob Denard jẹ́ olórí wọn, balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Kùtọnu láti gba ìjọba lọ́wọ́ Mathieu Kérékou. Wọn ò rí i gbà. Kérékou ní Gabon lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ó sì tún un sọ níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Khartoum lọ́dún 1978. Omar Bongo bínú, ó ní kí àwọn ọmọ Benin máa lọ. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìjà àwọn olórí méjì, télọ̀ ló di ẹrù.

Nígbà tí èmi àti àwọn kan ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ìléjáde yìí, fọ́tò yẹn la fi sí iwájú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀: Sotega, 1978, ṣọ́jà mú télọ̀ kan.

Ọdún tó kọjá ni mo tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aláṣọ ní Sotega. Ìwé Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn àti ọkọ wọn nígbà náà, kò sẹ́ni tó lé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi ìwé wa hàn wọ́n. Ìyá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú odindi fọ́tò náà jáde.

Ó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta tiwa. Tábìlì kan wà níbẹ̀, rédíò wà lórí ẹ̀, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà sì ń fò sókè. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni tó wọ kakí ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú ẹ̀ ti dì. Lẹ́yìn fọ́tò, wọ́n fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀: 1976.

“Ọlọ́dẹ ni,” Ìyá Aláṣọ ní. “Ọmọ Fang ni, ilé kan náà lòun àti bàbá rẹ ń gbé. Òun ló gba ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ pamọ́ nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló wà fún ọdún kan gbáko kí á tó rí ẹni bá a gbé e lọ sílé. Bàbá rẹ fúnra ẹ̀ ló fi sísọ́ọ̀sì gé tiẹ̀, kó lè wọ pọ́ọ̀sì.”

Ó lè gé ọwọ́ yẹn náà kúrò. Kò gé e.

Gabon yìí náà ni W. Eugene Smith ti ya Albert Schweitzer, ní Lambaréné, tí ìwé ìròyìn Life sì gbé àwọn fọ́tò náà jáde ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà 1954. Nínú èyí tó lókìkí jù, ìdìmú ayùn kan àti ọwọ́ ènìyàn hàn dúdú nísàlẹ̀. Inú fíìmù mìíràn ni Smith ti mú wọn, tó fi wọ́n kún un. Wọ́n ṣì ń bá a wí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé etí fọ́tò, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a wí, wọ́n ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Èmi ò gbà. Ohun tí a fi kún un ṣì wà níbẹ̀, ojú tó mọ nǹkan wò lè rí i. Èyí tí a gé sọnù ńkọ́? Ní Jánúárì 2020, Vanessa Nakate, ọmọ Uganda, dúró pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ funfun mẹ́rin ní Davos. Associated Press gé e kúrò. Wọ́n ní ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ba fọ́tò jẹ́, kí wọ́n tó padà tọrọ àforíjì. Nakate ní fóònù, ó sì pariwo. Ọlọ́dẹ Sotega ti kú.

Ẹnìkan nínú àwa tí a jọ ṣe ìwé náà ní kí n má sọ ọ́ síta, pé àwọn tó fẹ́ fojú kékeré wo ìléjáde náà yóò rí ẹnu sọ. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àmọ́ 10,000 ènìyàn kò lé ara wọn. Bí a bá fi ẹ̀sùn kan ẹni tó pa ẹrù wọn mọ́, kí la fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀?

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń gbé ilé yẹn. Mo mú ìwé wa àti odindi fọ́tò náà lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìwé ló kọ́kọ́ gbà. Ó wò ó títí, ó fi ìka kan èjìká bàbá mi, ó sì bi mí ní Faransé pé ọwọ́ ta nìyẹn.