Ariwo Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Inú máa ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá rí "ìdọ̀tí ariwo" nínú ìwé Yorùbá. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, "noise" àti "pollution", ó wá ìtumọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí ni ohun tí à ń gbá, tí à ń kó dà sí ààtàn. Ta ló gbá ariwo rí?

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbá géèmù ìlú-kíkọ́ ló mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Cities: Skylines, tí ilé iṣẹ́ Colossal Order ti ilẹ̀ Finland ṣe jáde ní 2015, ẹni tó ń gbá a ni olórí ìlú. Òun ló ń la títì, òun ló ń fa iná, òun ló ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé gbígbé àti ilé ìtajà. Títì tí ọkọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ ń pariwo, ilé ìtajà ń pariwo, ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí láti fúnni ní iná náà ń pariwo. Àwọn tí ilé wọn bá sún mọ́ irú nǹkan wọ̀nyí jù, àìsàn ni yóò mú wọn. Ẹni tó bá mọ Àgọ́ Palace ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ilé gbígbé wà lẹ́yìn wọn gan-an. Bó bá di alẹ́, sípíkà ti ọ̀tún ń bá ti òsì figagbága, jẹnẹrétọ̀ ń kùn nísàlẹ̀ wọn, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fun fèrè láàárín.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú géèmù náà kò le láti sọ ní Yorùbá. Owó orí, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, gbogbo wọn wà nílẹ̀. Títì fúnra rẹ̀, inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, kò sì sẹ́ni tó tún ń bi í léèrè ìlú rẹ̀. Ti yíya ilẹ̀ sọ́tọ̀, ìyalẹ̀sọ́tọ̀ ni mo fara mọ́, nítorí ìjọba ti gba "ìpínlẹ̀" tipẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ariwo. Ìró ni gbogbo ohun tí etí lè gbọ́: ìró bàtà, ìró ìbọn, ìró òjò lórí páànù. Ṣùgbọ́n ariwo, ìdájọ́ ti wà nínú rẹ̀. Bí ìlù bá dùn mọ́ wa, ìró ìlù là ń gbọ́. Bí ó bá sú wa, ìlù kan náà ti di ariwo. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá a rìn: à ń pariwo bí a ti ń pàtẹ́wọ́, bí a ti ń pàlọ́, bí a ti ń pòwe. Ohun tí a bá fi "pa" yìí ṣe, etí ẹlòmíràn ló ń lọ. Ẹ̀sùn ti wà nínú ariwo kí á tó fi ohunkóhun kún un.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan yóò ní kí á lo "ìfariwobàyíkájẹ́". Gírámà rẹ̀ tọ́, irú rẹ̀ sì kún inú Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Ṣùgbọ́n sílébù mẹ́jọ ni, kò sí bọ́tìnì géèmù tó lè gbà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìbàyíkájẹ́ bá èéfín àti epo rọ̀bì mu, torí bí a bá dáwọ́ dúró, odò ṣì bàjẹ́ síbẹ̀. Ariwo kì í ṣẹ́kù sínú afẹ́fẹ́. Ènìyàn ló ń bà jẹ́. "Ariwo àpọ̀jù" tí àwọn oníròyìn ń lò sàn díẹ̀, àmọ́ bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló sọ.

Ohun tí èmi fẹ́ ni ariwo agbàdúgbò. A ti ń sọ pé ariwo gba àdúgbò kan. Bí gba ẹjọ́ rò ṣe fún wa ní agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ ni gba àdúgbò ṣe fún wa ní agbàdúgbò. Nígbà tí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo ní oṣù Kẹjọ 2016, ẹ̀sùn náà kọ́ ni pé wọ́n kọrin tàbí pé wọ́n kírun. Ohùn wọn ló gba àdúgbò mọ́ àwọn aládùúgbò lọ́wọ́.

Àjọ kan náà ló ní kí ariwo níbi ilé gbígbé má ju 55 lọ lójú mọmọ, kó má ju 45 lọ lóru. 55 kí ni? Dẹ́síbẹ̀lì, kí á yá a bẹ́ẹ̀. "Òṣùwọ̀n ariwo" tí àwọn kan ń dábàá, irinṣẹ́ ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe iye tó kà. Orúkọ Alexander Graham Bell ló wà nínú dẹ́síbẹ̀lì, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Kí á kàn rántí pé bí dẹ́síbẹ̀lì bá fi mẹ́wàá lé, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Nínú géèmù náà, ọ́fíìsì kì í pariwo, nítorí náà ọlọgbọ́n máa ń tò wọ́n sáàárín ilé ìtajà àti ilé gbígbé. Kí ni kí á pe ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ààlà kọ́: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń gbin pèrègún sí ni ààlà. Agbedeméjì kàn ń sọ ibi tó wà ni. Mo pè é ní ilẹ̀ onílàjà. Ẹni tó la ìjà, àárín ló ń dúró, òun ló sì ń fara gba ẹ̀ṣẹ́ tí wọn ò jù sí i. Ohun tí ọ́fíìsì wọ̀nyẹn ń ṣe fún ẹni tó ń sùn lẹ́yìn wọn nìyẹn. Ilẹ̀ onílàjà ni Àgọ́ Palace kò ní.

Ní ti ògiri tí wọ́n ń mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà nínú géèmù náà, "ògiri ìdènà ariwo" yé tọmọdé tàgbà. Mi ò ní ṣẹ̀dá òmíràn.